Bàbà tó ń sọ gáàsì èéfín di métánọ́ọ̀lù: bí iṣẹ́ náà ṣe rí àti ohun tó ń náni

Ní ọdún 2023, ọkọ̀ òkun akẹ́rù kan tó ń jẹ́ Laura Maersk bẹ̀rẹ̀ sí í fi métánọ́ọ̀lù rìn dípò epo dúdú tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń lò. Láti ìgbà náà ni a ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èèyàn pé àwọn òyìnbó ti rí ọgbọ́n dá sí èéfín, pé wọ́n ń gbà á lẹ́nu ẹ̀rọ, wọ́n sì ń sọ ọ́ di epo. Àwọn kan ń bi wá bóyá irọ́ ni. Àwọn mìíràn ti gbà á gbọ́ tán, wọ́n ní ká má da ara wa láàmú nítorí èéfín mọ́.

Kì í ṣe irọ́. Ó ṣeé ṣe, wọ́n sì ti ń ṣe é, bàbà sì ni ọ̀gá nínú iṣẹ́ náà. Àmọ́ iye kùráǹ tó ń jẹ kì í sábà wà nínú ìròyìn tí àwọn èèyàn ń pín kiri. Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ohun tí métánọ́ọ̀lù jẹ́

Ọtí ni métánọ́ọ̀lù, àmọ́ kì í ṣe ọtí mímu. Ọmọ ìyá ni òun àti ọtí tó wà nínú sódàbì: àwọn méjèèjì mọ́ gaara bí omi, àwọn méjèèjì ń jó, òórùn wọn sì fẹ́ jọra. Láyé àtijọ́, igi ni wọ́n ń kó sínú àgbá irin tí wọ́n dé pa, tí wọ́n á dáná sí i lábẹ́, tí wọ́n á sì gba ooru tó ń jáde títí á fi di omi, bí a ṣe ń se sódàbì gẹ́lẹ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn Faransé fi ń pè é ní esprit de bois. Àwọn Faransé méjì, Dumas àti Péligot, ni wọ́n ṣàlàyé ohun tó para pọ̀ di métánọ́ọ̀lù, ní ọdún 1834.

Lónìí kò sẹ́ni tó ń fi igi ṣe é mọ́ lọ́nà tó pọ̀. Gáàsì inú ilẹ̀ àti èédú inú ilẹ̀ ni wọ́n ń lò, wọ́n sì ń ṣe ohun tó lé ní 100 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù lọ́dún káàkiri ayé. Ó wà nínú gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ pákó pẹlẹbẹ tí àwọn káfíńtà ń rà, ó wà nínú ọ̀dà, ó wà nínú oríṣiríṣi rọ́bà. Ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà, àwọn ọkọ̀ kan ń fi í rìn. Lítà kan métánọ́ọ̀lù ń fúnni ní bí ìdajì agbára tí lítà kan ẹsáǹsì ń fúnni.

CO2 dà bí eérú

Gáàsì tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń pè ní gaz carbonique, tí a ń kọ báyìí, CO2, kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa. Òun ni a ń mí jáde. Òun ló ń hó nínú ẹmu tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sọ̀ kalẹ̀. Òun ló ń jáde nígbà tí igi, èédú, ẹsáǹsì tàbí gásọ́ọ̀lù bá ń jó. Ó tún ń jáde lára òkúta ẹfun tí wọ́n ń sun láti fi ṣe sìmẹ́ńtì, irú èyí tí wọ́n ń gbẹ́ ní Onígbòlò lágbègbè Pobẹ̀: bí òkúta náà bá mọ́ dáadáa, 44 kílò nínú 100 kílò rẹ̀ ló ń fò lọ bíi CO2.

Ohun tó jẹ́ kí ó ṣòro láti lò ni pé ó ti jó tán. Kábọ́nù tó ti bá iná pàdé, tó sì ti fún iná ní gbogbo ohun tó ní, ni CO2. Eérú ni. Kò sì sẹ́ni tó ń fi eérú dáná. Bí a bá fẹ́ kó tún lè jó, a ní láti dá ohun tí iná gbà lọ́wọ́ rẹ̀ padà fún un, ibẹ̀ ni gáàsì kejì tó ń jẹ́ idrojẹ́ẹ̀nì ti wọlé. CO2 kan pẹ̀lú idrojẹ́ẹ̀nì mẹ́ta, wọ́n á di métánọ́ọ̀lù kan àti omi kan. Bí a bá wọ̀n wọ́n lórí òṣùwọ̀n, tọ́ọ̀nù kan métánọ́ọ̀lù ń gba nǹkan bí 1,375 kílò CO2 àti 188 kílò idrojẹ́ẹ̀nì, ó sì ń da nǹkan bí 560 kílò omi sílẹ̀. Ẹ fi omi yẹn sọ́kàn. A ó padà sórí rẹ̀.

Bàbà ni alárenà

Ẹ kó gáàsì méjèèjì yìí sínú ìgò kan, ẹ gbóná rẹ̀ bó ṣe wù yín, wọn ò ní dá ara wọn lóhùn. CO2 ya ọ̀lẹ jù. Wọ́n nílò ẹni tí yóò mú wọn mọra. Ní ọdún 1835, Berzelius ará Swídìn fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lórúkọ tí àwọn Faransé ń lò títí dòní: catalyse, ohun tó ń ṣe é sì ni catalyseur. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó máa pè é ní amúṣẹ́yá. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń fẹ́ ìyàwó nílé wa ti mọ iṣẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, alárenà ni. Ó ń lọ, ó ń bọ̀ láàárín ìdílé méjì títí ọ̀rọ̀ á fi wọ̀. Bí ọkọ bá sì ti mojú ìyàwó, alárenà á yẹ̀ ẹ́. Kì í bá wọn gbé. Bákan náà ni amúṣẹ́yá kì í sí nínú ohun tí wọ́n ṣe jáde. Ó ti bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń wá ìdílé mìíràn tó máa so pọ̀.

Kí ló dé tó fi jẹ́ bàbà? Faransé mìíràn, Paul Sabatier, tó ṣiṣẹ́ ní Toulouse tó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1912, ló là á yé wa. Ó ní irin tó bá máa ṣiṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ di gáàsì mú, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ dì í mú jù. Góòlù kì í di CO2 mú tó, gáàsì á yọ́ lọ. Níkẹ́ẹ̀lì ń dì í mú jù: ó ń já gbogbo ọksijẹ́ẹ̀nì ara rẹ̀ dànù, ohun tó sì ń jáde ni métáànì, gáàsì tó ń jó, kì í ṣe métánọ́ọ̀lù. Bàbà wà láàárín. Ó ń gba ọksijẹ́ẹ̀nì kan, ó sì ń fi ìkejì sílẹ̀, èyí tó kù yẹn náà ló sì sọ métánọ́ọ̀lù di ọtí.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú bàbà rèé. Idrojẹ́ẹ̀nì á balẹ̀ síbẹ̀, á sì pín sí méjì. CO2 á wá fara ti bàbà, idrojẹ́ẹ̀nì kan á gùn ún. Ohun tó bá dà nígbà náà ni wọ́n ń pè ní fọ́míyátì. Idrojẹ́ẹ̀nì mìíràn á tún dé, òmíràn á tún dé, omi á já kúrò, títí métánọ́ọ̀lù á fi ṣí kúrò níbẹ̀. Fún ìgbà pípẹ́, àwọn onímọ̀ kan rò pé kì í ṣe CO2 ni métánọ́ọ̀lù ń ti wá nínú àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá, pé gáàsì kejì tó máa ń bá a wà níbẹ̀, CO, ìyẹn gáàsì tó ń pa àwọn tó gbé ààrò èédú wọ yàrá sùn, ni ìyá rẹ̀. Ní ọdún 1987, àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ICI ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi àmì sára kábọ́nù kí wọ́n lè mọ ibi tó gbà. CO2 ni wọ́n bá nídìí rẹ̀.

Bàbà nìkan kọ́ ló wà nínú amúṣẹ́yá náà. Wọ́n máa ń fi síńkì sí i, àti àlúmínà, tó jẹ́ àlùmíníọ̀mù tí ọksijẹ́ẹ̀nì ti dà pọ̀ mọ́. Bàbà máa ń kó bí ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbà àti síńkì! Àwọn méjì yìí kan náà ni àwọn alágbẹ̀dẹ wa ń yọ́ pọ̀ tí a fi ń rí idẹ. Àmọ́ ẹ má ju ẹ̀gbà ọwọ́ ìyá àgbà sínú ẹ̀rọ o, kò ní ṣiṣẹ́. Nínú idẹ, irin méjèèjì ti yọ́ di ọ̀kan, nígbà tó jẹ́ pé nínú amúṣẹ́yá, síńkì ti bá ọksijẹ́ẹ̀nì pọ̀, ó sì wà láàárín àwọn hóró bàbà kéékèèké kí wọ́n má baà lẹ̀ mọ́ra. Àwọn hóró yẹn kéré débi pé bí ẹ bá to 100,000 nínú wọn sórí ìlà kan, gígùn wọn kò ní ju mìlímítà kan lọ. Nítorí pé wọ́n kéré tó bẹ́ẹ̀, ojú bàbà tó wà nínú gíráàmù kan amúṣẹ́yá lè tó ilẹ̀ yàrá tó fẹ̀ ní mítà 5 sí mítà 5. Ojú yẹn ni iṣẹ́ ti ń ṣe. Síńkì náà ń kópa nínú iṣẹ́ ọ̀hún fúnra rẹ̀, àmọ́ bó ṣe ń ṣe é gan-an ni àwọn onímọ̀ ṣì ń bá ara wọn jà lé lórí títí dòní.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí nítorí sódàbì

A dárúkọ fọ́míyátì lókè. Ó yẹ kí gbogbo ilé tí wọ́n ti ń ta ọtí mọ̀ ọ́n. Bí èèyàn bá mu métánọ́ọ̀lù, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rin ọ̀nà tí bàbà rìn, àmọ́ ẹ̀yìn ló ń rìn: láti métánọ́ọ̀lù padà sí fọ́míyátì, ásíìdì tí àwọn Faransé fi orúkọ èèrà sọ, acide formique, nítorí inú èèrà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Ó máa ń pẹ́ kí ara èèyàn tó lè gbá a dànù. Ojú ló kọ́kọ́ ń bà jẹ́.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ní Nàìjíríà, ó lé ní èèyàn mẹ́wàá tó kú láàárín ọjọ́ mélòó kan. Orí fọ́ wọn, ojú wọn ṣú, wọ́n dákú. Àwọn kan kọ́kọ́ pè é ní àrùn àràmàǹdà. Ògógóró tí métánọ́ọ̀lù wà nínú rẹ̀ ni wọ́n mu. Sódàbì tí a fi ẹmu se dáadáa kì í ní métánọ́ọ̀lù tó lè pani. Ewu ń wá nígbà tí ẹnì kan bá ra ọtí ilé-iṣẹ́ ní jẹ́rí-káànù, tó sì fi bù ú kó lè pọ̀. Ahọ́n kò lè fi ìyàtọ̀ hàn. Bí ẹni tó mutí bá ní òun ń rí nǹkan bàìbàì bíi pé kùrukùru bo òun lójú, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́gán, ẹ má dúró de àárọ̀. Oògùn wà fún un bí wọ́n bá tètè gbé e dé.

Ohun tó ń ba bàbà jẹ́

Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tó ń ṣe métánọ́ọ̀lù lọ́pọ̀ yanturu wà ní Leuna ní Jámánì, ilé-iṣẹ́ BASF ló sì dá a sílẹ̀ ní ọdún 1923. Síńkì àti krómù ni wọ́n lò, kì í ṣe bàbà. Wọ́n ní láti fún gáàsì pọ̀ ní ìlọ́po 250 sí 350 ju bí afẹ́fẹ́ ìta ṣe ń tẹ̀ wá, kí wọ́n sì gbóná rẹ̀ tó 300 sí 400 digirí. Wọ́n mọ̀ pé bàbà dáa jù bẹ́ẹ̀. Imí ọjọ́ ni kò jẹ́ kí wọ́n lò ó. Ó pọ̀ nínú gáàsì tí wọ́n ń rí lára èédú nígbà náà, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì tó láti pa bàbà. Kílóòrù, tó wà nínú iyọ̀ àti nínú omi jafẹ́ẹ̀lì, náà ń pa á. Ọdún 1966 ni ICI tó lo bàbà ní Billingham, lẹ́yìn tí wọ́n ti mọ bí wọ́n ṣe lè fọ gáàsì mọ́ tónítóní. Ìtẹ̀ wá sọ̀ kalẹ̀ sí 50 sí 100, ooru sì di 200 sí 300 digirí. Ó ṣì pọ̀ o: táyà alùpùpù kò ju bíi 2 lọ.

Omi tí a ní kí ẹ fi sọ́kàn ńkọ́? Bí gáàsì bá jẹ́ CO ló pọ̀ nínú rẹ̀, bó ṣe máa ń rí nínú àwọn ilé-iṣẹ́ àtijọ́, CO yẹn máa ń gbá omi mọ́ra, ó sì ń sọ ọ́ di idrojẹ́ẹ̀nì. Bó bá jẹ́ CO2 nìkan, kò sẹ́ni tó máa gbá omi náà. Á máa ta sórí amúṣẹ́yá nínú ooru, síńkì á dì, àwọn hóró bàbà á ráyè sún mọ́ ara wọn, wọ́n á lẹ̀ pọ̀, wọ́n á sì tóbi. Ojú tó fẹ̀ tó yàrá á máa dín kù. Nítorí náà ni alárenà wa ṣe ń gbó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ náà kì í jẹ ẹ́. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, wọ́n á kó o jáde, wọ́n á kó tuntun sí i.

Ìṣòro mìíràn ni pé iṣẹ́ náà kì í parí lẹ́ẹ̀kan. Bí gáàsì bá gba àárín bàbà kọjá, bí ìdá kan nínú mẹ́rin tàbí márùn-ún CO2 ló ń yí padà. Wọ́n á yọ métánọ́ọ̀lù àti omi kúrò, wọ́n á sì dá ìyókù padà sẹ́nu ẹ̀rọ, yípo yípo. Àwọn kan ti ń dán ìńdíọ̀mù àti sìrkóníọ̀mù wò nítorí pé omi kì í tètè bà wọ́n jẹ́. Ìńdíọ̀mù wọ́n gan-an. Bàbà ṣì ni wọ́n ń lò jù.

Ta ló ń san owó kùráǹ?

Wàyí o, CO2 kì í ṣòro rí, bàbà kò sì wọ́n jù. Idrojẹ́ẹ̀nì ni wàhálà. Kì í sí lásán lójú afẹ́fẹ́. Inú omi ló wà, kùráǹ ni wọ́n sì fi ń tú u. Kílò kan idrojẹ́ẹ̀nì ń jẹ kùráǹ tó tó kìlówáàtì-wákàtí 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Bí a bá sọ ọ́ di ti tọ́ọ̀nù métánọ́ọ̀lù kan, ó fẹ́ẹ̀ tó 10,000. Nígbà tí a bá sì sun tọ́ọ̀nù yẹn, nǹkan bí 5,500 ló máa fún wa padà ní ooru. Ẹni tó bá sọ fún yín pé agbára ọ̀fẹ́ ni ń tàn yín. Ìdajì owó ti lọ sójú ọ̀nà kí epo tó dé inú ẹ̀rọ.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé Íslándì ni ilé-iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó ń fi CO2 ṣe métánọ́ọ̀lù fún títà ti bẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 2012. Ooru inú ilẹ̀ pọ̀ lọ́dọ̀ wọn, kùráǹ wọn sì pọ̀. Ní Svartsengi ló wà, wọ́n sì fi orúkọ George Olah sọ ọ́, ọmọ Họ́ńgárì tó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1994, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún polongo métánọ́ọ̀lù. Ibùdó kùráǹ tó ń lo ooru ilẹ̀ ni wọ́n ti ń gba CO2. Wọ́n kọ́ ọ kó lè máa ṣe 4,000 tọ́ọ̀nù lọ́dún. Ọdún 2022 ni Ṣáínà ṣí tiwọn ní Anyang, 110,000 tọ́ọ̀nù lọ́dún. Ó tóbi, àmọ́ ẹ wo ibi tí idrojẹ́ẹ̀nì rẹ̀ ti ń wá: gáàsì ààrò èédú ni, kì í ṣe kùráǹ oòrùn.

Ẹ jẹ́ ká gbé e wá sí Pobẹ̀, níbi tí a ti ní òkúta ẹfun Onígbòlò, tí a sì ní ibùdó kùráǹ oòrùn tí wọ́n ṣí ní Illoulofin ní ọdún 2022, tí agbára rẹ̀ jẹ́ mẹ́gáwáàtì 25. Ìṣirò tiwa rèé, kò sẹ́ni tó ní òun fẹ́ ṣe é. Bí oòrùn bá ṣiṣẹ́ dáadáa fún wákàtí 1,400 lọ́dún, tí a sì kó gbogbo kùráǹ náà, láìku ẹyọ kan, fún idrojẹ́ẹ̀nì, a ó rí nǹkan bí 3,500 tọ́ọ̀nù métánọ́ọ̀lù. Á gbé bí 4,800 tọ́ọ̀nù CO2 mì. Ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì tó bá ń ṣe 500,000 tọ́ọ̀nù lọ́dún sì lè tú nǹkan bí 300,000 tọ́ọ̀nù CO2 sáfẹ́fẹ́. Ohun tí a gbà kò tó 2 nínú 100, gbogbo ilé tó ń lo kùráǹ yẹn á sì wà nínú òkùnkùn.

Ohun kan tún kù tí àwọn tó ń pín ìròyìn kì í sọ. Nígbà tí wọ́n bá sun métánọ́ọ̀lù nínú ẹ̀rọ ọkọ̀, CO2 tí wọ́n gbà sínú rẹ̀ á tún jáde. Bó bá jẹ́ ti òkúta Onígbòlò ni, a kàn lò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó lọ ni. Bó bá jẹ́ ti ìgbẹ́ màlúù àti pàǹtírí oko ni, afẹ́fẹ́ ni ewéko ti gbà á tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì ń padà sí. Irú èyí ni wọ́n ń lò ní Kassø ní Dẹ́ńmáàkì, níbi tí wọ́n ṣí ilé-iṣẹ́ 42,000 tọ́ọ̀nù lọ́dún sí ní ọdún 2025, pẹ̀lú oko kùráǹ oòrùn ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ Laura Maersk ti ń gba métánọ́ọ̀lù báyìí.